Màmá onírẹsì l'Ọ́jà Ọba Adó: ibi tó dáa láti lọ bówó ò bá sí

Ẹ̀yin èèyàn mi, ọdún ti dé owó ò sì sí, ẹ lọ bá màmá kan tó ń ta ìrẹsì Ìgbẹmọ, ìrẹsì ìbílẹ̀ wa l'Ékìtì, l'Ọ́jà Ọba, Adó-Èkìtì. Wọ́n máa ń wọn ìdajì kóńgò fún èèyàn, kódà agolo mílíìkì kan ṣoṣo, wọn ò ní fojú burúkú wò ẹ́, òkìtì orí ẹ̀ á ga dáadáa, wọn kì í fọwọ́ gbá a dànù. Òkúta wà níbẹ̀ o, ẹ ṣà á dáadáa, àmọ́ ó dùn! Wọ́n tún bá mi dì í sínú nálọ́ọ̀nù kéékèèké pẹ̀lú edé díẹ̀, òun ni mo gbé fún ìyá ọkọ mi torí apá mi ò ká ẹ̀bùn Kérésì míì, inú wọn dùn gan-an. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ná màmá yẹn jù.