Dífù oníbọ́ọ̀lù, dífù onígíà àbí spool: èwo ló yẹ kí ẹ rà fún ọkọ̀ ìsáré rímóòtù?

Bí ọkọ̀ bá wọ kọ́nà, táyà ẹ̀gbẹ́ ìta ló ń rin ọ̀nà tó gùn jù. Dífírẹ́ńṣà, tí ẹnu ti gé kúrú sí dífù, ló ń jẹ́ kí táyà méjèèjì yí bó ṣe yẹ kálukú láìfa ara wọn. Nǹkan kékeré ni, ṣùgbọ́n òun ló sábà ń sọ bóyá ọkọ̀ á gbọ́ràn sí yín lẹ́nu àbí á máa ṣe tinú ẹ̀.

Kí ẹ tó yọ owó, ẹ yẹ táyà wò ná. Ẹ fi àtàǹpàkò ti etí rọ́bà yẹn kúrò lára wílì, kí ẹ ṣe é yí po. Ibi tí gọ́ọ̀mù bá ti tú, ẹ lẹ̀ ẹ́ pa dà. Táyà tó tú lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan tàbí tó ti dán á jẹ́ kí dífù tí kò ṣe nǹkan kan dà bí èyí tó bàjẹ́, ọ̀pọ̀ ló sì ti ra dífù tuntun nítorí ẹ̀ lásán.

Oníbọ́ọ̀lù

Gíà kan tó ní ihò yí ká ló wà láàárín rẹ̀, bọ́ọ̀lù kékeré kọ̀ọ̀kan sì jókòó sínú ihò kọ̀ọ̀kan. Nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀ 1/10 (èyí tó tó ìdá kan nínú mẹ́wàá ọkọ̀ gidi), bọ́ọ̀lù náà fẹ̀ tó 2.4 mm. Òrùka irin méjì ló há wọn mọ́ àárín, síkúrùù gígùn kan ló sì ń fún gbogbo rẹ̀ pọ̀. Kò sí eyín tó ń gbá eyín mú láàárín ọ̀tún àti òsì. Fífún yẹn nìkan ló ń gbé agbára mọ́tò lọ sí táyà. Ìdí nìyẹn tó fi fúyẹ́, tó sì ń yí wọ́ọ́rọ́wọ́ lórí ilẹ̀ eléruku tí kò di táyà mú. Ìdí náà nìyẹn tó fi ń bàjẹ́.

Bó bá ń yọ̀ nígbà tí ẹ tẹ iná, bọ́ọ̀lù á máa ha òrùka, á gbóná, á gbẹ́ ojú ọ̀nà sára irin. Láti ìgbà yẹn lọ, bí ẹ bá fi ọwọ́ yí i, á máa ṣe bí ẹni pé iyanrìn wà nínú ẹ̀. Bí ẹ ṣe máa fún un nìyí: ẹ yí síkúrùù wọlé díẹ̀díẹ̀ títí sípíríìnì inú rẹ̀ á fi pọ̀ tán, kí ẹ wá dá a pa dà ní ìdá kan nínú mẹ́jọ ìyípo. Ẹ di táyà méjèèjì mú gírígírí, kí ẹ fi àtàǹpàkò gbìyànjú láti yí gíà dífù. Tó bá yí wẹ́rẹ́, kò tíì fún tó. Bí ọkọ̀ bá ní slipper (kílọ́ọ̀ṣì tó ń yọ̀ díẹ̀ kí agbára mọ́tò má bàa ba gíà jẹ́), slipper ló gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ yọ̀, kì í ṣe dífù. Tuntun kì í gbà á lẹ́ẹ̀kan: ẹ fi iná díẹ̀ sá a ní ìṣẹ́jú bíi mélòó kan, kí ẹ tún un wò, kí ẹ fún un sí i.

Gírísì rẹ̀ ń da ọ̀pọ̀ èèyàn láàmú. Gírísì sílíkọ́nì tó mọ́ ni ti bọ́ọ̀lù ńlá. Gírísì dúdú ni ti bẹ́árìn kékeré tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ orí síkúrùù. Bí dúdú bá lọ kan bọ́ọ̀lù ńlá, ẹ lè fún síkúrùù títí di alẹ́, á ṣì máa yọ̀.

Òrùka tí bọ́ọ̀lù ti ha kì í ṣe ìdọ̀tí lójú ẹsẹ̀. Ẹ yí i kí ẹ̀yìn rẹ̀ di ojú, tàbí kí ẹ fi sáńdípépà 600 ha á lórí gíláàsì. Bọ́ọ̀lù carbide tàbí ceramic máa ń pẹ́ ju ti irin lásán lọ. Tí ẹ bá ń sáré lọ́sẹ̀ lọ́sẹ̀, wọ́n yẹ ní owó tí wọ́n fi lé e.

Onígíà

Ilé títì kan ni, gíà ńlá méjì àti kéékèèké ló wà nínú rẹ̀, ọ́ìlì sílíkọ́nì ló sì kún ìyókù. Ẹ ka gíà kéékèèké kí ẹ tó sanwó: mẹ́rin ni kí ẹ rà. Èyí tó ní méjì péré kì í fi bẹ́ẹ̀ gba mọ́tò alágbára.

Ọ́ìlì ló ń ṣiṣẹ́ tí síkúrùù ń ṣe nínú ti oníbọ́ọ̀lù. cSt ni wọ́n fi ń ka á, bí nọ́ńbà bá ṣe ga tó ló ṣe ki tó. Ẹ má fi ti ṣọ́ọ̀kì wéwèé: nọ́ńbà "wt" ti ilé iṣẹ́ kan lè yàtọ̀ sí ti òmíràn, cSt nìkan ló ṣeé fi wé ara wọn. Fún buggy (ọkọ̀ ìsáré orí ilẹ̀ eléruku) 1/8 tó ní dífù mẹ́ta, ọ̀pọ̀ ló máa ń bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 7,000 níwájú, 7,000 láàárín àti 3,000 lẹ́yìn.

Ọ́ìlì fẹ́lẹ́ níwájú á jẹ́ kí imú ọkọ̀ tètè yà nígbà tí ẹ bá jáwọ́ lára iná, ṣùgbọ́n bí ẹ bá tún tẹ iná, táyà inú á máa yí lófo. Kíki níwájú ni òdìkejì: kì í fẹ́ yà bí ẹ ti ń wọ kọ́nà, àmọ́ ó ń fa ọkọ̀ jáde dáadáa. Lẹ́yìn, fẹ́lẹ́ á mú ìdí jókòó láàárín kọ́nà. Kíki lẹ́yìn á ti ọkọ̀ síwájú gan-an lórí ilẹ̀ tó ń di táyà mú. Lórí ilẹ̀ tó ń yọ̀, táyà méjèèjì á já lẹ́ẹ̀kan náà, ìdí á gbá síta kí ẹ tó ṣẹ́jú. Tí ẹ bá fẹ́ ra ọ́ìlì méjì láti fi dánwò, ẹ má ra 5,000 àti 7,000. Ẹ ò ní mọ ìyàtọ̀ wọn. 3,000 àti 10,000 á kọ́ yín ní nǹkan.

Bí ẹ bá ń da á, ẹ jẹ́ kó bo gíà mọ́lẹ̀, kí ẹ yí gíà jẹ́jẹ́ kí atẹ́gùn inú rẹ̀ jáde, kí ẹ fi sílẹ̀ fún bíi ìṣẹ́jú mẹ́wàá, kí ẹ wá fi díẹ̀ kún un. Ẹ má kún un dé ẹnu: ọ́ìlì ń wú nínú ooru, á wá ọ̀nà gba ẹ̀gbẹ́ òrùka rọ́bà jáde. Ẹ gbé e lé ìwọ̀n kékeré, kí ẹ kọ gíráàmù rẹ̀ sílẹ̀, kí tọjọ́ mìíràn lè bá a mu. Bí erùpẹ̀ bá lẹ̀ mọ́ ẹnu ibi tí irin ti jáde, ó ń jò nìyẹn.

Spool

Kò sí dífù níbí rárá: irin kan ló so ọ̀tún mọ́ òsì. Iwájú ọkọ̀ touring (ọkọ̀ ìsáré orí ilẹ̀ tó tẹ́jú) 4WD, tí mọ́tò ń yí táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin rẹ̀, ló wà fún, lórí kápẹ́ẹ̀tì tàbí ọ̀dà tó ń di táyà mú gan-an. Búrékì á le, ọkọ̀ á sì jáde nínú kọ́nà bí ọfà. Lórí ilẹ̀ tó ń yọ̀, imú á kàn máa lọ gbọọrọ ni. Ẹ fi ọ̀pá tó ní oríkèé méjì sí i, torí ọ̀pá lásán á máa gbọ̀n bí ẹ bá yí sítíà jìnnà. (Àwọn ọlọ́kọ̀ drift ń fi í sí ẹ̀yìn, ṣùgbọ́n wọ́n fẹ́ kí ìdí yọ̀.)

| | Oníbọ́ọ̀lù | Onígíà | Spool |
|---|---|---|---|
| Àtúnṣe | Síkúrùù, láìtú u | Ẹ gbọ́dọ̀ tú u, kí ẹ pààrọ̀ ọ́ìlì | Kò sí |
| Ohun tó ń bàjẹ́ | Òrùka àti bọ́ọ̀lù | Òrùka rọ́bà, ọ́ìlì tó ń jò | Ike etí ibi tí ọ̀pá ń wọ̀ |
| Mọ́tò alágbára | Kò fẹ́ràn rẹ̀ | Ó gbà á | Ó gbà á |

Fún ọkọ̀ àkọ́kọ́, onígíà ni kí ẹ rà. Oníbọ́ọ̀lù dára fún buggy 2WD tó ń lo mọ́tò 17.5 (iye ìgbà tí wọ́n wé wáyà inú rẹ̀; bó ṣe pọ̀ tó ló ṣe rọ̀ tó) tàbí èyí tó rọ̀ jù ú lọ, lọ́wọ́ ẹni tí kì í kánjú tú nǹkan wò. Nínú ọkọ̀ touring, spool níwájú àti onígíà lẹ́yìn ló bára mu. Ẹ ka ẹ̀yìn páálí dáadáa: ilé dífù nìkan ni òmíràn, gíà, òrùka rọ́bà àti ọ́ìlì ẹ̀ kò sí nínú rẹ̀, ẹ sì ní láti ra wọn lọ́tọ̀.