Dráífù àlòkù, dráífù dígítà tàbí mọ́tò AC: kí ni ká rà nígbà tí káréǹtì mọ́tò DC kò bá dúró lójú kan?

Ẹni tó ni ẹ̀rọ àtijọ́ tó ń yọ́ ike tàbí tó ń fa ọ̀rá ní Ìbàdàn, ì báà jẹ́ ní Olúyọ̀lé tàbí níbòmíràn, lè bá ara rẹ̀ nínú ìyọnu yìí: abẹ́rẹ́ mítà tó ń wọn káréǹtì mọ́tò DC rẹ̀ ń ta sókè, ó ń já sílẹ̀, ọjà tó ń jáde sì ń nípọn níhìn-ín, ó ń fẹ́lẹ́ lọ́hùn-ún. Mo rọ̀ yín kí ẹ má tíì náwó lórí dráífù kankan (ẹ̀rọ tó ń darí iná tó ń lọ sínú mọ́tò) títí ẹ ó fi mọ̀ bóyá òun gan-an ló ní àbùkù.

Ẹ jẹ́ kí oníṣẹ́ iná yọ dráífù kúrò lórí tákò tó ń wọn ìyára, kí ó máa fi fóltéèjì ámáṣọ̀ (apá mọ́tò tó ń yí) darí mọ́tò fúngbà díẹ̀. Bí káréǹtì bá balẹ̀, tákò tàbí ohun tó so ó mọ́ mọ́tò ló ní àbùkù, dráífù tuntun kò sì ní tún un ṣe. Ẹ wo búrọ́ọ̀ṣì (èédú tó ń gbé iná wọ inú mọ́tò) àti kọ́mútétọ̀ (òrùka bàbà tí búrọ́ọ̀ṣì ń fara kàn), kí ẹ sì dán ẹ̀rọ wò lórí iná ìjọba àti lórí jẹnẹrétọ̀ lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Dráífù fésì mẹ́ta sábà máa ń ní táírístọ̀ mẹ́fà, ìyẹn ìlẹ̀kùn iná, tó ń ṣí tẹ̀ léra wọn, tí ìgbì káréǹtì fi ń jẹ́ 300 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan lórí iná 50 Hz. Bí ọ̀kan bá kọ̀ tí kò ṣí, àlàfo á wà nínú ìgbì náà. Oscilloscope, ẹ̀rọ tó ń ya àwòrán ìgbì iná, ló ń fi èyí hàn kedere, mítà ọwọ́ kò tó.

Bí dráífù bá wá jẹ̀bi lóòótọ́, ti àlòkù, ìyẹn dráífù ánálọ́ọ̀gì àtijọ́ tó ń lo kókó kékeré tí a ń yí láti ṣètò rẹ̀, ni owó rẹ̀ sábà máa ń kéré jù, ẹni tó mọ sódà jó dáadáa sì lè tún un ṣe. Àmọ́ kì í sọ ohun tó ṣe é, ooru sì lè yẹ ètò rẹ̀. Èmi kò ní rà á àfi bí ó bá jẹ́ irú èyí tó wà lórí ẹ̀rọ yín tẹ́lẹ̀.

Ti dígítà ni mo fara mọ́ jù fún mọ́tò tí ara rẹ̀ ṣì le. Ó ń fi káréǹtì hàn lójú gíláàsì, ó ń pa àkọsílẹ̀ àbùkù mọ́, ó sì lè fúnra rẹ̀ wá ètò tó bá mọ́tò mu, bí ọ̀pá mọ́tò kò bá yí nígbà tó ń ṣe é. Bí pátákó rẹ̀ bá jó, kì í ṣe gbogbo oníṣẹ́ ló lè tún un ṣe. Bí ó ti wù kí ó rí, àlòkù àti dígítà ni wọ́n jọ ń da fóltéèjì jẹnẹrétọ̀ kékeré rú, nítorí náà ẹ fi owó kọ́ìlì tí a ń gbé síwájú dráífù kún ìṣirò yín.

Bí kọ́mútétọ̀ bá ti jẹ tán, mọ́tò AC pẹ̀lú invátà (dráífù tirẹ̀) ló yẹ: kò ní búrọ́ọ̀ṣì rárá. Ṣùgbọ́n ìjókòó àti gíga ọ̀pá rẹ̀ lè yàtọ̀ sí ti tẹ́lẹ̀, ó sì lè nílò fáànù tirẹ̀ nígbà tó bá ń rọra yí lábẹ́ ẹrù wíwúwo.

Èyíkéyìí tí ẹ bá yàn, ẹ ní kí ẹni tó ń tà á so ó mọ́ mọ́tò tó ń gbé ẹrù lójú yín. Gílóòbù lásán kò lè fi bí káréǹtì ṣe ń gbọ̀n hàn.