Díísù àbí bẹntiróòlù: ẹ́ńjìnnì wo ni kí ẹ rà fún bààlúù kékeré tí ẹ̀ ń tò fúnra yín?

Kí ẹ tó bèèrè iye ẹ́ńjìnnì, ẹ bèèrè epo. Jet A-1 tí àwọn bààlúù ńlá ń mu wà ní Àbújá àti Kánò. Owó rẹ̀ ló le. Avgas, bẹntiróòlù tí wọ́n dìídì ṣe fún bààlúù, àwárí ni ní Nàìjíríà. Ẹ́ńjìnnì díísù inú bààlúù ń mu Jet A-1 láìjanpata, ìyẹn ló sì fi gba iwájú.

Ẹ jẹ́ ká fi méjì tí agbára wọn sún mọ́ra wéra: Continental CD-155 (díísù, agbára ẹṣin 155) àti Lycoming O-320 (bẹntiróòlù, 150 tàbí 160). Ẹ̀gbọ́n O-320 yìí, O-360, ló wà nínú Air Beetle, bààlúù ìkọ́ṣẹ́ ológun òfuurufú Nàìjíríà, ìyẹn RV-6A (bààlúù kékeré tí èèyàn lè tò fúnra rẹ̀) tí wọ́n tò ní Kàdúná.

Ìwúwo. Kìlò 134 ni CD-155 kí ẹ tó bu omi sí rédíétọ̀. O-320 fi nǹkan bí ogún kìlò fúyẹ́ jù ú lọ. Imú bààlúù ni ẹrù yẹn máa wà, nítorí náà ẹ tún ìṣirò ìwọ́ntúnwọ̀nsì ṣe kí ẹ tó gé irin kankan. Díísù ń san án padà lórí epo: nǹkan bíi lítà 20 sí 22 ní wákàtí kan, níbi tí O-320 ti ń mu 30 sí 34.

Ìdáná nínú òtútù. Lycoming ní kí ẹ kọ́kọ́ mú ẹ́ńjìnnì lọ́wọ́ọ́wọ́ bí òtútù bá ti kọjá -12°C, àwọn irú kan -6°C. Ọ́ìlì á ti ki, kò ní tètè dé ibi tó yẹ. Ara alumíníọ́mù sì ń sún kì ju irin inú rẹ̀ lọ, àlàfo bẹ́áríìnì á wá fún. Ẹ lẹ híítà mọ́ abẹ́ agbada ọ́ìlì, ẹ dí ihò atẹ́gùn imú, ẹ da bùláńkẹ́ẹ̀tì bò ó mọ́jú. Kánádà lẹ ti máa nílò èyí. Jos kì í tutù tó bẹ́ẹ̀.

Díísù kò ní púlọ́ọ̀gì tó ń ṣáná. Ooru afẹ́fẹ́ tí písítìnì fún pọ̀ ló ń dáná sí epo, irin tútù sì ń jí ooru náà. Ẹ tan híítà púlọ́ọ̀gì, ẹ dúró kí iná rẹ̀ kú, kí ẹ tó sítáàtì. Ẹni tó bá kánjú, èéfín funfun ni yóò rí.

Epo tó ń dì. Ibí ni wàhálà wà. Ẹ ti rí bí epo pupa ṣe ń dì nínú kẹ́ẹ̀gì nígbà ọyẹ́. Bẹ́ẹ̀ ni díísù mọ́tò: ìda inú rẹ̀ ń yọ, ó ń dí asẹ́, ẹ́ńjìnnì á kú lókè. Ìwé ìlànà Cessna 172, bààlúù kékeré kan, tó ń lo irú ẹ́ńjìnnì yìí ní kí díísù inú táǹkì má tutù dé -5°C lójú òfuurufú. Jet A-1 lè dé -35°C. Ẹ ṣírò ó: bó bá jẹ́ 10°C láàárọ̀ ọyẹ́ ní Jos, tí ó ń fi nǹkan bíi 2°C dín ní gbogbo 1,000 ẹsẹ̀ bàtà, ẹsẹ̀ bàtà 8,000 lókè Jos ti di -6°C. Ẹ má bu díísù ilé epo sí i o.

Omi inú Jet A-1 pẹ̀lú ń dì ní 0°C. Ẹ fa ìsàlẹ̀ táǹkì wò kí ẹ tó fò. Kábúrétọ̀ Lycoming ní tiẹ̀ lè kó yìnyín ní 10 sí 20°C tí ọ̀rinrin bá pọ̀. Díísù kò ní kábúrétọ̀ rárá.

Iná mànàmáná. Kọ̀ǹpútà ló ń darí CD-155. Tí iná bá lọ, ẹ́ńjìnnì lọ. Ní Speyer, Jámánì, lọ́dún 2007, wọ́n fi iná ìta sítáàtì bààlúù kan tó ní ẹ́ńjìnnì díísù méjì, tí bátìrì rẹ̀ ti kú. Bí wọ́n ṣe ká ẹsẹ̀ bààlúù náà sókè, iná wálẹ̀, ẹ́ńjìnnì méjèèjì dúró. Òtútù sì ni ọ̀tá bátìrì. Ẹ fi bátìrì kejì sí i fún kọ̀ǹpútà nìkan. DeltaHawk, ẹ́ńjìnnì díísù mìíràn tí Amẹ́ríkà fọwọ́ sí lọ́dún 2023, kò nílò iná láti máa ṣiṣẹ́.

Bí bààlúù yín bá kéré gan-an, ẹ fi díísù sílẹ̀, ẹ ra Rotax 912 UL, ẹ́ńjìnnì bẹntiróòlù kékeré. ULS, ẹ̀yà rẹ̀ tó lágbára jù ú lọ, ń fẹ́ bẹntiróòlù tí ọ́kítéènì (octane) rẹ̀ jẹ́ 95. 91 ni ìlànà Nàìjíríà.

Tó bá jẹ́ CD-155 tòkunbọ̀, ẹ bèèrè ìwé gíábọ́ọ̀sì rẹ̀ àti wákàtí tó ti ṣe. Bó bá ti pé wákàtí 2,100, wọn kì í tún ẹ́ńjìnnì náà ṣe, ńṣe ni wọ́n ń pààrọ̀ rẹ̀.