Ilẹ̀ à-ń-san-díẹ̀díẹ̀ lọ́nà Ẹdẹ, Ilé-Ifẹ̀: owó ilẹ̀ ò dùn mí, owó ìwé ló dùn mí

Ọjọ́ tí mo san owó tó kù lórí ilẹ̀ mi ni ọmọbìnrin tó wà nídìí káńtà ilé-iṣẹ́ tó ta ilẹ̀ náà fún mi fa bébà kan yọ. Èmi ti ń wá ẹni tí yóò ya fọ́tò mi o! Owó sọ́fè (ìwé ìwọ̀n ilẹ̀), owó àdéhùn lọ́yà, owó ìdàgbàsókè, owó fọ́ọ̀mù, àti "owó ìfilẹ̀hàn". Mo rò ó pọ̀, ó lé ní ìdajì iye tí mo fi ra ilẹ̀.

"Ẹ fẹ́ gbowó lọ́wọ́ mi kẹ́ ẹ tó fi ilẹ̀ tí mo ti rà hàn mí?"

"Mọ́mì, ó wà nínú fọ́ọ̀mù tẹ́ ẹ fọwọ́ sí."

Mo ní kó fi hàn mí. Ó ṣí i dé ẹ̀yìn pátápátá, níbi tí lẹ́tà ti rí bí ẹyin iná orí: "àwọn owó mìíràn". Iye ńkọ́? Kò sí. Mániijà jáde, ó gbé omi tútù fún mi, ó ní báyìí ni gbogbo ilé-iṣẹ́ ṣe ń ṣe é. N ò ṣí omi náà. Ohùn mi dé títì lọ́jọ́ yẹn, ojú ò sì tì mí.

Ọmọkùnrin tó ń polówó fún wọn ló tún dá kún un. Òun ló sọ pé rìsíìtì wọn tó láti fi yáwó ní báńkì. Irọ́ funfun báláú. Báńkì wo? Oṣù Kọkànlá ọdún 2024 ni báńkì àpapọ̀ gbé èlé tirẹ̀ dé 27.5 nínú ọgọ́rùn-ún, àwọn tó kù á sì tún lé tiwọn lórí. Owó ilé ìjọba (National Housing Fund) tí wọ́n ń yọ 2.5 nínú ọgọ́rùn-ún owó oṣù wa sí, èlé 6 ni mo mọ̀ mọ́ ọn, ṣùgbọ́n ìwé ilẹ̀ gidi ni wọ́n ń bèèrè. Alájẹṣẹ́kù ibi iṣẹ́ mi ló gbà mí.

Ẹ jẹ́ n sọ ti lọ́yà wọn o. Ọmọ kékeré ni, àmọ́ orí rẹ̀ pé. Ó jókòó tì mí, ó fi bírò pín bébà náà sí méjì: "Èyí ń lọ sọ́dọ̀ ìjọba l'Óṣogbo, èyí ń bọ̀ sápò wa." Láti ìgbà òfin ilẹ̀ ọdún 1978, ó ní, ọwọ́ gómìnà ni ilẹ̀ ìpínlẹ̀ wà, ẹni tó bá dúró sórí rìsíìtì kò tíì dúró. Ó fi ìwé ẹbí hàn mí: olórí ẹbí fọwọ́ sí i, àwọn àgbà ojúlé yòókù náà fọwọ́ sí i. Bí olórí ẹbí bá dá tà á, àwọn yòókù lè gba kóòtù lọ tú u; bí àwọn yòókù bá sì tà á lẹ́yìn olórí ẹbí, wọn ò ta nǹkan kan rárá. Òun náà ló ní kí n mú sọ́fè lọ sí ọ́fíìsì sọ̀fẹ́yọ̀ àgbà ìpínlẹ̀ fúnra mi, kí n má gba ti ẹnikẹ́ni gbọ́. Mo lọ. Ilẹ̀ mi ò bọ́ sínú èyí tí ìjọba ti gbẹ́sẹ̀ lé. Inú mi rọ̀.

Mo bi lọ́yà náà nípa self-con (yàrá kan tó ní ilé ìwẹ̀ àti ilé ìdáná tirẹ̀) tí mo fẹ́ kọ́ fáwọn akẹ́kọ̀ọ́ Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀, torí olùpolówó yẹn ti ní ìjọba ò gba owó-orí lórí owó tí ayálégbé bá san. Ó rẹ́rìn-ín. "Mọ́mì, owó tó wọlé ni, ẹ ó kéde ẹ̀."

Wọ́n padà yọ owó ìfilẹ̀hàn kúrò. Owó ìdàgbàsókè ni wọn ò yọ, gọ́tà tí wọ́n ní àwọn ó fi ṣe, n ò tíì rí i.

Mo fún wọn ní 4 nínú 5. Mo ti ní kí àbúrò mi wá ra tiẹ̀, ṣùgbọ́n kí wọ́n kọ iye "owó mìíràn" sílẹ̀ fún un kó tó san kọ́bọ̀.