Ìkìlọ̀: Káàdì àwòrán GTX 1050 Ti tó bá ní ihò VGA, ẹ sá fún un o

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹni tó bá fẹ́ ra kọ̀ǹpútà géèmù àlòkù, tàbí káàdì àwòrán nìkan, ìyẹn GPU, kó ka èyí kó tó sanwó. Bí mo ṣe ń tẹ̀ ẹ́ yìí, ọwọ́ mi ń gbọ̀n. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà gbáko ni mo fi bá ojú kọ̀ǹpútà tó ń ṣe bàìbàì jà. Mo ra wáyà, mo tún wáyà rà, mo yá mọ́nítọ̀ ọ̀rẹ́ mi, mo tiẹ̀ lọ yẹ ojú ara mi wò. Kò sí ohun tó ṣe ojú mi. Ayédèrú káàdì ni wọ́n tà fún mi, ẹni tó tà á sì mọ̀.

Oṣù méje ni mo fi kó owó yẹn jọ, kò sí ẹni tó bá mi dá níbẹ̀. Mo rí ìpolówó náà lórí íntánẹ́ẹ̀tì: kọ̀ǹpútà géèmù, káàdì NVIDIA GTX 1050 Ti, 4GB, pẹ̀lú mọ́nítọ̀ ínǹṣì 24, gbogbo rẹ̀ lápapọ̀. Mo pe ẹni tó ń tà á. Ohùn rẹ̀ tutù, ó ń fara balẹ̀ sọ̀rọ̀, "ẹ̀gbọ́n mi" ló sì ń pè mí látìbẹ̀rẹ̀ dópin. Ó ní òun fúnra òun lòun ń lò ó, pé òun fẹ́ ra tuntun ló jẹ́ kóun gbé e sílẹ̀. Ó fi fídíò ránṣẹ́, géèmù ń sáré geere lórí rẹ̀, kò dúró, kò fà. Mo wo fídíò yẹn tó ìgbà mẹ́wàá. Orí fóònù ni mo ti ń wò ó. Bí àwòrán bá ṣe bàìbàì lórí mọ́nítọ̀ ńlá, tí wọ́n wá sọ ọ́ di kékeré lójú fóònù, kò lè hàn mọ́. Ó mọ̀ bẹ́ẹ̀. Kò sí ẹni tó lè sọ fún mi pé kò mọ̀ bẹ́ẹ̀.

Ọjọ́ tí ẹrù dé, mo tò ó, mo tàn án. Àfi bí ẹni tó ń kàwé láti abẹ́ omi. Òjìji fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kan tẹ̀ lé gbogbo lẹ́tà lápá ọ̀tún, lẹ́tà "r" àti "n" tó bá fara kanra ń dà bí "m". Mo pè é. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ fún un lọ́jọ́ méjì kó gbóná dáadáa." Mo sì fún un lọ́jọ́ méjì. Ojú ń tì mí bí mo ṣe ń kọ ọ́ sílẹ̀, ṣùgbọ́n bó ṣe rí nìyẹn. Ẹni tó bá ti fi gbogbo owó ọwọ́ rẹ̀ lélẹ̀, ó máa ń fẹ́ gba ẹni tó gbowó náà gbọ́.

Kí ẹnikẹ́ni má sọ pé mi ò gbìyànjú o. Mo wọ Settings inú Windows, mo rí i pé resolution, ìyẹn iye àmì tíńtìntín (pixel) tó para pọ̀ di àwòrán, wà ní 1920 × 1080, èyí tó bá mọ́nítọ̀ náà mu gan-an. Mo gbé scaling, ìyẹn bí lẹ́tà ṣe tóbi tó, padà sí 100%. Mo ṣe ClearType, ètò Windows tó ń mú lẹ́tà mọ́, títí ojú fi ń ro mí. Kò yí padà. Ìgbà tó di ọjọ́ kẹsàn-án ni mo tó yíjú sí wáyà tó bá ẹrù wá. VGA ni, èyí tó ní orí búlúù, tí ẹnu rẹ̀ ní abẹ́rẹ́ wínníwínní 15. Láti ọdún 1987 ni VGA ti wà. Kì í gbé àwòrán lọ bí nọ́ńbà bíi ti HDMI, wáyà tó tuntun jù ú lọ. Agbára iná tó ń lọ sókè sódò ló ń rán gba inú wáyà, mọ́nítọ̀ ní láti wá fojú díwọ̀n ibi tí pixel kọ̀ọ̀kan ti bẹ̀rẹ̀ àti ibi tó parí sí. Bó bá ṣì í díẹ̀ pẹ́rẹ́, gbogbo lẹ́tà á ṣe bàìbàì, òjìji á sì máa tẹ̀ lé wọn. Mo tẹ Auto lára mọ́nítọ̀, ó sàn díẹ̀. Mo ra wáyà HDMI, mo yọ VGA kúrò, mo ki HDMI bọ̀ ọ́. Àfi bí ìgbà tí èèyàn nu gíláàsì. Lẹ́tà mọ́ roro. Inú mi dùn débi pé mo fi ọpẹ́ ránṣẹ́ sí i. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ o! Olè ni mò ń dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Ohun tó ń dùn mí jù nìyí: ọwọ́ ara mi ni mo fi tú wáyà VGA yẹn kúrò lẹ́yìn káàdì, ihò náà wà níwájú mi, mo rí i, mi ò bi ara mi pé kí ló ń ṣe níbẹ̀. N óò padà sórí rẹ̀.

Mo wá ṣí géèmù. Bàìbàì tún ni! Ewé ara igi dà bí ọ̀dà tí wọ́n fi ọwọ́ pa, ojú èèyàn inú géèmù kò ní ìlà. Mo wo ètò inú géèmù, ó kọ 1920 × 1080 síbẹ̀ gàdàgbà, mo sì gbà á bẹ́ẹ̀. Ọ̀sẹ̀ kan kọjá kí n tó rí ìlà kékeré kan nísàlẹ̀ pátápátá, resolution scale, tí wọ́n gbé sí 50. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé 960 × 540 ni káàdì ń yà, tó wá ń fà á fẹ̀ kó lè kún ojú mọ́nítọ̀. Pixel 518,400 dípò 2,073,600, ìdá kan péré nínú mẹ́rin ohun tó yẹ kí n máa rí. Ta ló gbé e sí 50? Èmi kọ́. Òun ló fi bẹ́ẹ̀ ṣe fídíò tó ń sáré geere tó fi ránṣẹ́ sí mi! Mo gbé e sí 100, géèmù bẹ̀rẹ̀ sí í rìn bí ẹni tó ń ṣí àwòrán lọ́kọ̀ọ̀kan.

Mo pè é. Ó ní wáyà ni. Mo ra òmíràn. Ó ní mọ́nítọ̀ ni. Mo lọ yá ti ọ̀rẹ́ mi. Ó ní, ó sọ ọ́ pẹ̀lú ìfẹ́ni báyìí, "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jẹ́ kí wọ́n bá yín wo ojú yín." Mo lọ o! Mo lọ jókòó, mo ń ka lẹ́tà ara ògiri fún ẹni tó ń yẹ ojú wò, nítorí ẹni tó jà mí lólè ní kí n lọ. Gbogbo àkókò yẹn, ọjọ́ tó fún mi pé mo lè fi dá ọjà padà ti ń tán lọ. Ìgbà tí mo wá ka ọjọ́, ó ti kọjá. Ohun tó ń fà mí síwá sẹ́yìn fún nìyẹn, ó dá mi lójú.

Láti ọjọ́ kìíní ló ti ń kìlọ̀ fún mi pé, "Ẹ má fọwọ́ kan driver o, èyí tó wà níbẹ̀ ló bá a mu." Driver ni ètò tí Windows fi ń bá káàdì sọ̀rọ̀. Ó yẹ kí n ti fura síbẹ̀. Mo mọ̀, ẹ má tún sọ fún mi. Ní ọ̀sẹ̀ karùn-ún, mo gba driver GTX 1050 Ti látorí ojú òpó NVIDIA fúnra wọn, mo fi sí i, mo pa kọ̀ǹpútà, mo tún un tàn. Gbogbo nǹkan wú gbẹ̀ǹdẹ̀kẹ̀, 1024 × 768, bàìbàì ju ti ọjọ́ tó dé lọ. Mo wo Device Manager, níbi tí Windows ti ń to orúkọ àwọn ẹ̀yà kọ̀ǹpútà: "Microsoft Basic Display Adapter". Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé Windows kò rí driver tó bá káàdì náà lò mọ́, ó wá ń fi ti ara rẹ̀ tó kéré jù lọ gbé àwòrán jáde. Mo fi ránṣẹ́ sí i. Èsì rẹ̀: "Ẹ̀yin lẹ bà á jẹ́. Mo ti kìlọ̀ fún yín." Kò pè mí ní ẹ̀gbọ́n mọ́.

Alẹ́ ọjọ́ yẹn ni mo gba GPU-Z sílẹ̀, ètò tó ń sọ ohun tó wà nínú káàdì àwòrán. Ọ̀fẹ́ ni, kò sì gba ìṣẹ́jú márùn-ún. Láti ọdún 2018 ló ti ń dá irú ayédèrú yìí mọ̀. Ó kọ ọ́ sí iwájú orúkọ káàdì mi, nínú àkámọ́: [FAKE]. Ó tún kọ orúkọ chip, ìyẹn ọpọlọ káàdì, tó wà nínú rẹ̀ gan-an: GF116. Mi ò gbà á gbọ́. Mo yọ káàdì náà, mo tú síkúrù mẹ́rin ẹ̀yìn rẹ̀, mo gbé fáànù kúrò. Gíríìsì aláwọ̀ eérú tó ti gbẹ ló bo chip náà. Mo fi àkísà nù ún díẹ̀díẹ̀, lẹ́tà bẹ̀rẹ̀ sí í yọ lábẹ́ iná tọ́ọ̀ṣì: G, F, 116. Mo jókòó sílẹ̀.

GTX 1050 Ti jáde ní ọdún 2016, GP107 ni chip inú rẹ̀, ó sì ní CUDA core, àwọn ẹ̀yà kéékèèké tó ń ṣe ìṣirò àwòrán, 768. GF116 jẹ́ ti ìran Fermi, tó bẹ̀rẹ̀ ní 2010, ó wà nínú GTX 550 Ti ti ọdún 2011, 192 péré ló ní. NVIDIA ti dáwọ́ driver tuntun dúró fún ìran Fermi láti 2018. Ìdí rèé tí kò fi fẹ́ kí n fọwọ́ kan driver! Wọ́n tún BIOS ara káàdì, ètò inú rẹ̀ tó ń sọ orúkọ rẹ̀ fún kọ̀ǹpútà, kọ kó lè máa pe orúkọ tí kì í ṣe tirẹ̀, Windows náà á sì kọ ohun tí káàdì bá sọ fún un.

Ihò VGA wá ńkọ́? Ìran Pascal, tí GTX 1050 Ti wà lára wọn, kò lè gbé àmì VGA jáde fúnra rẹ̀ rárá. NVIDIA ti yọ ọ́ kúrò. Ihò DisplayPort, HDMI àti DVI-D ni ẹ máa rí lẹ́yìn rẹ̀. Ohun tó jẹ́ kí ojú kọ̀ǹpútà mi ṣe bàìbàì lọ́jọ́ kìíní gan-an ni ẹ̀rí pé ayédèrú ni. Mo ń tọ́jú àìsàn náà, mi ò wo ojú ẹni tó kó o ràn mí.

Ẹ̀bi mi wà níbẹ̀, mi ò sẹ́. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ń sọ pé ojúkòkòrò ló ṣe mí, kó dákẹ́. Owó tó gbà kò kéré, mi ò rà á lọ́pọ̀. Mo béèrè ìbéèrè, ó fún mi ní èsì. Ṣé kí èèyàn máa tú káàdì palẹ̀ kó tó rà á ni? Ní báyìí, mi ò gbà ẹnikẹ́ni nínú wọn gbọ́ mọ́. Ẹni tó bá ń tà á ní "mi ò lò ó púpọ̀", irọ́ ni. Ẹni tó bá ní òun kò mọ̀ nípa kọ̀ǹpútà, pé ti àbúrò òun ni, irọ́ ni. Bóyá àwọn olóòótọ́ wà. Èmi kò tíì bá wọn pàdé.

Ó dáa, ohun tí ẹ ó ṣe. Ẹ ní kó ya fọ́tò ẹ̀yìn káàdì, níbi tí wáyà ń wọ̀. Ẹ ní kó ṣí GPU-Z nínú fídíò, kí ọjọ́ òní hàn lórí rẹ̀, orúkọ tí Windows kọ kò tó. Ẹ ní kó ṣí ètò géèmù náà kí ẹ rí resolution scale. Bó bá ní kí ẹ má fọwọ́ kan driver, ẹ kúrò níbẹ̀. Bí ọjà bá sì ti dé, GPU-Z ni kí ẹ kọ́kọ́ ṣí kí ẹ tó ra wáyà kankan, kí ẹ sì ka ọjọ́ tó kù fún yín láti dá a padà. Ẹ má pa ọ̀rọ̀ tí ẹ bá a sọ rẹ́. Mo pa díẹ̀ rẹ́ nínú tèmi nígbà tí inú ń bí mi, mo sì ń kábàámọ̀ rẹ̀ báyìí.

Ẹni tó tà á fún mi ti dí mi lọ́nà, ìpè mi kì í wọlé mọ́. Ọ̀rẹ́ mi ló bá mi wò ó láàárọ̀ yìí láti orí fóònù tirẹ̀. Ìpolówó náà ti tún jáde, orúkọ mìíràn, kọ̀ǹpútà mìíràn, GTX 1050 Ti, 4GB, "mi ò lò ó púpọ̀". Ó ya fọ́tò káàdì náà láti ẹ̀yìn. Ihò búlúù yẹn wà níbẹ̀, ó hàn kedere.