Iyùn àtijọ́, iyùn tí wọ́n rẹ sínú àwọ̀, gíláàsì àti rọ́bà: èwo lẹ fẹ́ sanwó rẹ̀?

Ọdún Lísàbí tàbí ìgbéyàwó ń bọ̀ l'Abẹ́òkúta, ẹ sì ń wá iyùn tí ẹ máa fi lé àdìrẹ tí ẹ rà ní Ìtòkú. Okùn tó pupa pọ̀ lọ́jà, gbogbo rẹ̀ ni wọ́n ń pè ní iyùn ìyá àgbà. Ẹ kọ́kọ́ mọ ohun tí wọ́n fi ṣe é, kí ẹ tó béèrè bó ṣe pẹ́ tó, kí ẹ tó wá dúnàá-dúrà. Ẹni tó bá ti orí ọjọ́ orí bẹ̀rẹ̀ ni wọ́n sábà máa ń rẹ́ jẹ, torí ọnà ayé àtijọ́ ò ní kí ìlẹ̀kẹ̀ fúnra rẹ̀ ti pẹ́. Wọ́n lè sín in lánàá.

Ojú àti ìwọ̀n

Iyùn gidi tó lókìkí jù ni èyí tó ń ti Òkun Mẹditaréníà wá. Ẹ gbé e sún mọ́ fèrèsé, ẹ fi awò tó ń sọ nǹkan di ńlá wò ó: ìlà tín-ín-rín ló wà lára rẹ̀, wọ́n ń bá ara wọn rìn, àlàfo wọn kì í ju bí ìdajì mìlímítà lọ. Pupa rẹ̀ wọnú.

Èyí tí wọ́n rẹ sínú àwọ̀ jẹ́ iyùn mìíràn láti inú òkun, funfun ló ti rí tẹ́lẹ̀, ó sì ní oríkèé bí ọparun. Ìlà tirẹ̀ fẹ̀, ó tó bíi mìlímítà kan, àwọ̀ sì máa ń kó jọ sínú ìlà náà, sí ẹnu ihò àti sí ibi tó bá sán.

Gíláàsì ò ní ìlà. Ó tutù lọ́wọ́, afẹ́fẹ́ róbótó kéékèèké lè há sínú rẹ̀, ibi tó bá fọ́ máa ń dán. Rọ́bà tètè lọ́wọ́ọ́wọ́, ó sì fúyẹ́: ìlẹ̀kẹ̀ róbótó tó fẹ̀ ní mìlímítà 10 tó jẹ́ iyùn máa ń wọn bíi gíráàmù 1.3, ti rọ́bà á wọn bíi 0.6. Iyùn tí wọ́n rẹ sínú àwọ̀ àti gíláàsì ò jìnnà sí iyùn gidi nínú ìwọ̀n, nítorí náà òṣùwọ̀n ò lè dá ẹjọ́ yìí nìkan.

Ìdánwò

Ẹ tọrọ àyè lọ́wọ́ ẹni tó ń tà á kí ẹ tó dán ohunkóhun wò. Ẹ fi òwú tẹ omi tí wọ́n fi ń pa kútẹ́ẹ̀sì rẹ́, ẹ rọra fi nu ìlẹ̀kẹ̀ kan tó wà lẹ́yìn ọrùn. Tí òwú bá pupa, wọ́n rẹ ẹ́ ni. Tí kò bá pupa, ẹ má tíì yọ̀: wọ́n lè ti fi ìda tàbí ọ̀dà bo àwọ̀ náà. Omi yìí máa ń ba ojú rọ́bà jẹ́.

Ọ̀pọ̀ èèyàn gbà pé omi ọsàn wẹ́wẹ́ ló ń fi iyùn gidi hàn. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹ kán ẹ̀kán kan sí ẹnu ihò, iyùn gidi á hó, èyí tí wọ́n rẹ náà á hó, kódà ìkarahun òkun á hó, torí irú èròjà kan náà ló wà nínú gbogbo wọn. Gíláàsì àti rọ́bà nìkan ni ìdánwò yìí ń yọ sọ́tọ̀. Ojú ibẹ̀ á sì ṣá, nítorí náà ẹ fi omi ṣàn án kíá. Ẹ má jẹ́ kí wọ́n fi abẹ́rẹ́ gbígbóná kàn án: àpá ló máa fi sílẹ̀.

Ọjọ́ orí

Ìlẹ̀kẹ̀ tó ti pẹ́ máa ń jẹ níbi tí wọ́n ti ń fara gbo ara wọn, ẹnu ihò rẹ̀ sì máa ń fẹ̀, á dán, torí okùn ti ń fà á. Èyí tí wọ́n fọwọ́ lu láti ẹ̀gbẹ́ méjì, ihò rẹ̀ lè má pàdé dáadáa láàárín. Ihò tuntun máa ń tọ́, ẹnu rẹ̀ á mú. Okùn tuntun kò sọ iyùn àtijọ́ di ayédèrú, torí okùn máa ń já, wọ́n á tún un sín. Ẹ fi aṣọ tútù nù ún: tí “àtijọ́” bá tẹ̀lé aṣọ, èéfín tàbí epo ni wọ́n fi pa á.

Owó

Níbí ni àdàlú ti ń pa ènìyàn lára jù. Iyùn gidi á wà níwájú àyà, èyí tí wọ́n rẹ á wà lẹ́yìn ọrùn. Ẹ tẹ́ okùn náà sórí aṣọ funfun, ẹ yẹ ìlẹ̀kẹ̀ kọ̀ọ̀kan wò, ẹ ka iye tó jẹ́ gidi, kí ẹ sì fi owó iyùn gidi lé ìwọ̀n àwọn yẹn nìkan. Gíráàmù ìlẹ̀kẹ̀ ńlá máa ń wọ́n ju ti kékeré lọ. Pupa tó bára dọ́gba ń gbé owó sókè; ihò wẹ́wẹ́ tí wọ́n fi ìda dí ń fà á wálẹ̀.

Èyí tí wọ́n rẹ náà dára fún òde, bí ẹ bá san owó tirẹ̀, ṣùgbọ́n òógùn àti lọ́fínńdà lè mú kí àwọ̀ rẹ̀ ran léèsì funfun. Ẹ jẹ́ kí wọ́n kọ ohun tí wọ́n fi ṣe é, iye ìlẹ̀kẹ̀ àti ìwọ̀n rẹ̀ sínú rìsíìtì. Ẹni tó bá kọ̀ láti kọ ọ́, tó tún kọ̀ kí ẹ dán ìlẹ̀kẹ̀ ẹyọ kan wò, ẹ má san ju owó èyí tí wọ́n rẹ lọ fún un.