ScotlandsPeople: ẹ má tíì ra kírédíìtì ná

Ẹni tó bá ń wá bàbáńlá tó ti Scotland wọ ọkọ̀ ojú omi lọ sí Amẹ́ríkà, bó pẹ́ bó yá, ìkànnì ScotlandsPeople ni yóò já sí. National Records of Scotland, ilé iṣẹ́ ìjọba ní Edinburgh, ló ni ín. Ẹ kò ní sanwó láti forúkọ sílẹ̀ tàbí láti yẹ orúkọ wò. Àwòrán ìwé gan-an ni wọ́n ń tà. Kírédíìtì, owó inú ìkànnì náà, ni ẹ fi ń rà á: 30 jẹ́ pọ́n-ùn 7.50. Ìwé ìbí, ìgbéyàwó tàbí ikú kan ń jẹ 6, ìwé ìpíngún ń jẹ 10.

Ọjà gidi ni, àmọ́ ó mọ owó jẹ. John Campbell tó wà ní Argyll, agbègbè kan ní ìwọ̀-oòrùn Scotland, pọ̀ bí eéṣú. Ẹ ṣí èyí tí kì í ṣe tiyín, kírédíìtì 6 ti wọmi nìyẹn. Torí náà, ẹ kọ́kọ́ parí iṣẹ́ Amẹ́ríkà. Nínú ìkànìyàn ibẹ̀, láti 1790 dé 1840, orúkọ olórí ilé nìkan ni wọ́n kọ. 1850 ni wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ sí í dárúkọ gbogbo ará ilé tí kì í ṣe ẹrú. Òfin kò sì mú ọ̀gá ọkọ̀ kó fún ìjọba ibẹ̀ ní orúkọ èrò kó tó di 1820. Àwọn ará Argyll tó gúnlẹ̀ sí Cape Fear ní North Carolina lọ́dún 1739, ìwé ilẹ̀, ìwé ìpíngún àti òkúta sàréè ni kí ẹ fi wá wọn. Orúkọ páríìṣì, ìyẹn àdúgbò abẹ́ ìjọ kan, tí wọ́n ti wá ní Scotland ni ẹ ń wá. Láìsí ìyẹn, ẹ ń da àwọ̀n sórí ilẹ̀ gbígbẹ ni.

Ibi tí ìkànnì yìí ti dára jù ni ọdún 1855, ọdún tí ìjọba Scotland bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ìbí àti ikú sílẹ̀. Ìtara ọdún àkọ́kọ́ pọ̀: ìwé ikú 1855 sọ ibi tí wọ́n bí olóògbé, orúkọ bàbá àti ìyá rẹ̀, orúkọ àwọn ọmọ rẹ̀, àti ibi tí wọ́n sin ín sí. Ó wọ àwọn akọ̀wé lọ́rùn, wọ́n gé e kù lọ́dún kejì. Bí bàbáńlá yín bá ti lọ tipẹ́, ẹ wá àbúrò rẹ̀ tó kù sílé. Àbúrò tó kú ní 1855 ní ẹni ọgọ́rin ọdún, nǹkan bí 1775 ni wọ́n bí i, òbí kan náà ni ìwé rẹ̀ yóò sì dárúkọ. Obìnrin kò ṣòro wá bí ẹ ṣe rò, torí ìwé Scotland kì í pa orúkọ ìdílé bàbá ìyàwó rẹ́.

Ṣáájú ìgbà yẹn, ìwé Church of Scotland ló pọ̀ jù, ìtẹ̀bọmi ni wọ́n sì máa ń kọ, kì í ṣe ìbí. Bí ẹ kò bá rí ọmọ láàárín 1783 sí 1794, ẹ má bínú sí ìkànnì: owó orí pẹ́nsì 3 lórí orúkọ kọ̀ọ̀kan ló mú ọ̀pọ̀ òbí jókòó sílé. Bí wọ́n ṣe ń kọ orúkọ pàápàá ń yàtọ̀. Ẹ tẹ M*greg*r, níbi tí * ti dúró fún lẹ́tà yòówù, kó lè kó Mc àti Mac pọ̀.

Ohun tí kò sí lọ́jà yìí ni clan, ìyẹn agboolé ńlá lábẹ́ olóyè kan. Orúkọ kì í ṣe ẹ̀jẹ̀: àgbẹ̀ tó ń dáko lórí ilẹ̀ olóyè lè gba orúkọ rẹ̀. Ní 1603, ọba fòfin de orúkọ MacGregor, títí di 1774 ni wọ́n ń dè é tí wọ́n ń tú u, àwọn mìíràn sì di Campbell, Drummond tàbí Murray. Ọ̀rọ̀ náà kò ṣàjèjì l'Ékòó: orúkọ Scotland ni Macaulay, àmọ́ Thomas Babington Macaulay tó dá CMS Grammar School sílẹ̀ ní 1859, ọmọ Yorùbá ni bàbá àti ìyá rẹ̀.

Bí oníṣòwò bá fẹ́ ta àmì oyè ìdílé (coat of arms) fún yín, ẹ jẹ́ kó máa lọ. Ẹnì kan ṣoṣo ni àmì bẹ́ẹ̀ ń jẹ́ tirẹ̀ ní Scotland. Kírédíìtì 30 ṣí ìwé márùn-ún. Ẹ fi méjì sí ikú 1855, ẹ tọ́jú mẹ́ta tó kù di ìgbà tí ẹ bá mọ páríìṣì.